Ṣé ara tu àwọn ará ẹ́sítéètì wa lóòótọ́? Bí a ṣe lè ṣe ìwádìí rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní ẹ́sítéètì kan lápá Mowe, létí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ilé 310 ló wà lọ́dọ̀ wa. Lọ́dún tó kọjá, a gbé fọ́ọ̀mù sórí WhatsApp pé kí olúkúlùkù sọ bóyá òun ń gbádùn àdúgbò. Ènìyàn 47 ló dáhùn, 39 nínú wọn sì ní kò sí ìṣòro. Ṣùgbọ́n àwọn ayálégbé ń kó jáde ṣáá, ìpàdé kì í kún mọ́, ìyá àgbà kan tó ń dá gbé sì ṣubú nínú ilé rẹ̀ lóṣù tó kọjá, ọjọ́ kejì la tó mọ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí a tún ìwádìí náà ṣe, kí a wá ènìyàn púpọ̀ sí i. Kí ni a ò ṣe dáadáa? Báwo la ṣe lè rí òtítọ́ ọ̀rọ̀?

Ẹ kú àkíyèsí, akọ̀wé. Ẹ bá wa kí ìyá àgbà náà kú ewu. Ọ̀rọ̀ tiwọn kò gbọdọ̀ dúró de ìwádìí kankan. Lọ́sẹ̀ yìí gan-an, ẹ wá gbogbo ẹni tó ń dá gbé ní òpópónà kọ̀ọ̀kan, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan máa yọjú sí wọn láàárọ̀, kí àwọn fúnra wọn sì yan ẹni tí wọ́n fẹ́. Èyí tó kù ni mo fẹ́ dáhùn ní kíkún. Bó ṣe yé mi, ẹ fẹ́ mọ bí ìgbé-ayé ṣe rí fún àwọn tó ń gbé láàárín yín, ẹ bi wọ́n léèrè, wọ́n ní ó dára, àmọ́ ohun tí ojú yín ń rí kò bá ìdáhùn yẹn mu. Ojú yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ ń dùn kò sí lára àwọn tí fọ́ọ̀mù náà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn ìgbìmọ̀ yín rò pé iye ènìyàn ló kéré. Iye kọ́ ni ìṣòro tó wà níwájú. Ká ní ẹ fi ìbò mú ènìyàn 47 láàárín gbogbo olùgbé, ìyẹn ni pé ẹ fa orúkọ wọn láìwo ojú ẹnikẹ́ni, tí ẹ sì lọ bá wọn nílé, ìdáhùn wọn ì bá wúlò ju ti ènìyàn 200 tó yan ara wọn lórí fóònù lọ. Ẹ wò ó: ta ló wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ti àwọn onílé? Onílé ni, àti ìwọ̀nba ayálégbé tí onílé wọn fi nọ́ńbà wọn sílẹ̀. Ta ló ráyè tẹ fọ́ọ̀mù? Ẹni tí ara ti dẹ̀, tó ní détà, tó mọ ìwé kà, tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ sì wù ú. Ẹni tí inú ń bí ti fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ẹni tó ti kó jáde kò sí níbẹ̀ mọ́ láti sọ ohun tó lé e lọ, ayálégbé tó kù sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn onílé ni fọ́ọ̀mù ti wá. Ta ni yóò kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn pé onílé òun kì í tún ṣáláńgá ṣe? Bí ẹ bá tún gbé fọ́ọ̀mù kan náà jáde lọ́nà kan náà, tí ènìyàn 150 sì dáhùn, àṣìṣe kan náà ni ẹ óò rí gbà, yóò kàn wá dá yín lójú jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ tún yẹ ìbéèrè yín wò. Ẹ bi àwọn ènìyàn bóyá wọ́n ń gbádùn àdúgbò. Ọmọ Yorùbá tí a bá bi bẹ́ẹ̀, “A dúpẹ́” ni yóò wí, kódà kí àgbàrá ti wọ pálọ̀ rẹ̀ lánàá. Kò purọ́. Ó gbọ́ ìkíni, ó sì dá ìkíni padà. Ìbéèrè tó ń rí òtítọ́ gbà ni èyí tó mú nǹkan kan pàtó, ní àkókò kan pàtó, tí ìdáhùn rẹ̀ kò lè jẹ́ ọpẹ́ lásán. “Lálẹ́ àná, kí ló jí yín lójú oorun?” “Bí àìsàn bá ṣàdédé kọlu ẹnì kan nílé yín ní aago méjì òru, ta ni ẹ máa kọ́kọ́ pè nínú ẹ́sítéètì yìí?” “Ìdílé mélòó ni ẹ mọ orúkọ wọn ní òpópónà yín?” “Láàárín oṣù kan sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ wọ ilé aládùúgbò fún ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó?” “Láàárín ọdún kan sẹ́yìn, ṣé ẹ ti ronú àtikó kúrò níbí?” Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wá béèrè ohun tó fà á, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ má fi ìbéèrè méjì pọ̀ mọ́ ọ̀kan. “Ṣé sékúríti àti ọ̀nà dára?” kò ní ìdáhùn kankan fún ẹni tí sékúríti tẹ́ lọ́rùn, tí ọ̀nà sì ba mọ́tò rẹ̀ jẹ́.

Èrò kan tún wà tó yẹ kí a tú palẹ̀: pé bí ilé bá ti dára, tí gẹ́ẹ̀tì wà, tí kò sí ìjà, àdúgbò ti dára nìyẹn. Ìlú Èkó ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́. Ní àárín àwọn ọdún 1950, Lagos Executive Development Board, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1928 nígbà tí àrùn tí eku ń gbé kiri ń pa ènìyàn ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàárín ìlú, wọ́n sì ń kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, onímọ̀ nípa àwùjọ, ṣe ìwádìí lórí àwọn tí wọ́n kó lọ, àtẹ̀jáde rẹ̀ sì jáde ní 1961. Ilé tuntun náà mọ́, ó sì dùn-ún wò ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹbí tó ń jùmọ̀ gbé agboolé kan fọ́nká, obìnrin tó ń tajà ní iwájú ilé pàdánù oníbàárà rẹ̀, owó ọkọ̀ sí ibi iṣẹ́ àti sọ́dọ̀ ẹbí sì ń jẹ owó oúnjẹ. Ilé dára sí i, ayé le sí i fún púpọ̀ nínú wọn. Michael Young àti Peter Willmott, àwọn náà onímọ̀ nípa àwùjọ, ti rí ohun tó jọ ọ́ ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1957 nípa àwọn ìdílé tó kúrò ní Bethnal Green lọ sí ẹ́sítéètì tuntun. Nítorí náà, ìwádìí yín gbọ́dọ̀ ya ohun mẹ́ta sọ́tọ̀: bí ilé àti ohun amáyédẹrùn ṣe rí, bí àjọṣe àárín aládùúgbò ṣe rí, àti bí ara àti ọkàn olúkúlùkù ṣe rí. Ọ̀kan lè dára kí èkejì bàjẹ́ pátápátá.

Àjọṣe náà kì í ṣe ọ̀rẹ́ nìkan. Ní 1995, Robert Sampson, onímọ̀ nípa àwùjọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọ̀rọ̀ wá ènìyàn 8,782 lẹ́nu wò ní àdúgbò 343 ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1997. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni bóyá aládùúgbò yóò dá sí i bí ọmọdé bá sá nílé ìwé tó ń dúró ní ìkóríta, àti bóyá àwọn ará àdúgbò ṣeé fọkàn tán. Ibi tí àwọn ènìyàn ti fọkàn tán ara wọn, tí wọ́n sì gbà láti dá sí ọ̀rọ̀, ìwà ipá kéré níbẹ̀, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti ro ti òṣì àti àìní mọ́ ọn. Wọn kò ní láti máa jẹun papọ̀. Àwa náà mọ̀ ọ́n: ẹnì kan ló ń bímọ, igba ènìyàn ló ń tọ́ ọ. Ẹ fi irú ìbéèrè yìí sínú fọ́ọ̀mù yín: “Bí ọmọ ọdún 12 bá wọ aṣọ ilé ìwé tó ń rìn kiri nínú ẹ́sítéètì ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ṣé aládùúgbò tí kì í ṣe òbí rẹ̀ yóò bi í léèrè ọ̀rọ̀?” Ìdáhùn rẹ̀ máa ń sọ púpọ̀ nípa àdúgbò ju iye ènìyàn tó wá síbi àríyá ìparí ọdún lọ.

Kí ló wá ń tú àjọṣe ká ní irú ẹ́sítéètì yín? Ọ̀nà ló ṣáájú. Ẹni tó ń gbé ní Mowe, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Victoria Island, gbọ́dọ̀ ti jáde kí aago márùn-ún ìdájí tó lù. Sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lè má jẹ́ kó délé kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó kọjá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe agbéraga, kò ráyè kí ènìyàn ni. Bí ìpàdé yín bá jẹ́ ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ kan ṣoṣo tó lè fọṣọ, tó lè sùn, tó sì lè lọ sí òde ẹbí nìyẹn. Ìgbésí-ayé ayálégbé tún wà ńbẹ̀. Ẹni tí owó ilé rẹ̀ lè lọ sókè lọ́dọọdún kì í gbin igi sí ẹnu ọ̀nà, kì í sì í náwó ara rẹ̀ láti tún gọ́tà ṣe. Ní ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì, ayálégbé ń san owó sékúríti, owó transformer àti owó ìtọ́jú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò ní ohùn ní ìpàdé nítorí pé ìpàdé onílé ni. Wọ́n á tún ti gẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn bí ó bá jẹ gbèsè. Ẹ má retí kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa pe ẹ́sítéètì náà ní tiwa.

Èyí tí mo kà sí jù, tí ìgbìmọ̀ kì í sì í sábà rí, ni pé ohun tó ń mú kí aládùúgbò nílò ara wọn ti tán. Kànga àti ẹ̀rọ omi ìta ló ń kó obìnrin àti ọmọdé jọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nígbà kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí kò jáde lónìí, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tí ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò. Nísinsìnyí, onílé kọ̀ọ̀kan gbẹ́ borehole tirẹ̀, ó mọ odi gíga, ó fi wáyà lé e lórí, ó ra jẹnẹrétọ̀. Kò sí ohun tí yóò mú un kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Jẹnẹrétọ̀ yẹn náà tún ń dá ìjà sílẹ̀: ẹni tí owó rẹ̀ ká a yóò gbé ti ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí ariwo kò ti dé yàrá rẹ̀, ẹ̀yìn ilé náà sì ni fèrèsé ẹlòmíì. Èéfín rẹ̀ kò kàn ń rùn lásán. Carbon monoxide tó wà nínú rẹ̀ kò ní òórùn rárá, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun, nítorí náà bí ìwádìí bá fi hàn pé èéfín ń wọ yàrá ẹnì kan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ dá sí i. Ẹ tún lọ wá àwòrán tí sọ́fíyọ̀ fi pín ilẹ̀ ẹ́sítéètì yín ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ pápá ìṣeré bá wà nínú àwòrán, tí ilé sì ti wà lórí rẹ̀ lónìí, ẹ ti mọ ìdí kan tí àwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì, tí àgbàlagbà kò sì ní ibi tí wọ́n lè jókòó sí kí wọ́n kí èrò tó ń kọjá.

Ó ku bí ẹ óò ṣe ṣe é. Ilé 310 kì í ṣe ìdílé 310. Nínú ìwádìí, ìdílé ni àwọn tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà, yálà wọ́n tan tàbí wọn kò tan. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onífúláàtì mẹ́fà lè ní ìdílé mẹ́fà, face-me-I-face-you oníyàrá mẹ́wàá lè ní mẹ́wàá, BQ ẹ̀yìnkùlé ní tirẹ̀, mẹ́gádì àti aya rẹ̀ tó ń gbé inú ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán náà sì jẹ́ ìdílé. Kí ẹni méjì-méjì rìn láti òpópónà dé òpópónà, kí wọ́n ya máàpù lọ́wọ́, kí wọ́n sì fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Èyí ni iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn máa ń fò, òun náà sì ni ìpìlẹ̀. Ẹni tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ yìí kò lè sí nínú èsì.

Ká ní ìdílé 600 ni ẹ kà. Bí ẹ bá rí ènìyàn 150 bá sọ̀rọ̀, tí ó jẹ́ pé ìbò ló mú wọn, ìdáhùn sí ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ kò ní fi ju nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún jìnnà sí òtítọ́, lókè tàbí nísàlẹ̀, nínú ìwádìí 19 láàárín 20. Bí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ ìdá 5, ẹ máa nílò ènìyàn 240. Lójú mi, 150 tó fún yín. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ni yóò ṣí, torí náà ẹ mú ìdílé 200: ẹ fi 200 pín 600, ó di 3. Ẹ fi ìbò mú nọ́ńbà kan láàárín 1 sí 3, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì máa mú ẹnì kẹta-kẹta lọ. Ẹ ṣọ́ra níbí yìí o. Bí ilé yín bá jẹ́ onífúláàtì mẹ́fà-mẹ́fà, tí ẹ sì kọ wọ́n tẹ̀ léra láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, tí ìbò sì mú 1, ẹnì kẹta-kẹta yóò máa bọ́ sórí fúláàtì kìn-ín-ní àti ìkẹrin nígbà gbogbo, ẹ kò sì ní bá ẹni tó ń gbé lókè pátápátá sọ̀rọ̀ láéláé. Bí ẹ bá rí irú ìtò bẹ́ẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà 600 sínú kọ̀ǹpútà, kó dà wọ́n rú, kí ẹ mú 200 àkọ́kọ́. Ìdílé tí ẹ kò bá bá nílé, ẹ padà lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ní àkókò tó yàtọ̀: alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, àárọ̀ Sátidé, ọ̀sán Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. Ẹ má fi aládùúgbò tó wà nílé rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kì í sí nílé ni ẹni tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ń fìyà jẹ, òun gan-an ni ẹ ń wá.

Nínú ìdílé, ẹ má kàn bá ẹni tó ṣílẹ̀kùn sọ̀rọ̀, ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ baálé nìkan. Ẹ kọ gbogbo ẹni tó ti pé ọdún 18 láti orí àgbà dé orí kékeré, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀ tó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà sínú ìwé pélébé, kí ẹnì kan mú ọ̀kan. Ní ilẹ̀ ibòmíràn, wọ́n ń mú ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kọjá kẹ́yìn, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ àgbà kò mọ ọjọ́ tí a bí wọn. Bí ẹ bá ń ṣe ìṣirò, ẹ rántí pé ẹni tí ẹ mú nínú ìdílé tó ní àgbàlagbà márùn-ún ń dúró fún márùn-ún, ẹni tó ń dá gbé ń dúró fún ara rẹ̀ nìkan, nítorí náà ẹ sọ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po iye àgbàlagbà ilé rẹ̀ kí ẹ tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹni tí yóò béèrè ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì bí ìbéèrè náà. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀, onílé, tàbí ẹni tó ń gba owó sékúríti. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ nípa àwùjọ láti yunifásítì tó wà nítòsí, tàbí ọ̀dọ́ tó mọ̀wé láti àdúgbò mìíràn, ọkùnrin àti obìnrin, kí obìnrin sì bá obìnrin sọ̀rọ̀. Márùn-ún tó. Ẹni kan lè ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò márùn-ún lóòjọ́ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò bá ju ìṣẹ́jú 25 lọ, èyí ni pé ọjọ́ mẹ́fà yóò gbé 150, ìyẹn òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ fi ọjọ́ méjì kọ́ wọn ṣáájú. Kí ìbéèrè wà ní Yorùbá, Pidgin àti èdè mìíràn tí àwọn olùgbé yín ń sọ, kí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ẹni tí yóò dá a padà sí èdè àkọ́kọ́, kí ẹ lè rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti yà. Ẹ kọ́kọ́ dán fọ́ọ̀mù náà wò ní ìdílé mẹ́wàá tí ìbò kò mú. KoboToolbox, ohun èlò tí a fi ń gba ìdáhùn ìwádìí sílẹ̀, wà fún fóònù Android, ọ̀fẹ́ ni fún irú iṣẹ́ kékeré yìí, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìwé àti báírò náà tó, bí ẹ bá ní ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ìfarabalẹ̀.

Ní ti àlàáfíà ọkàn, ẹ má ṣe dá ìbéèrè tiyín sílẹ̀. WHO-5, ìbéèrè márùn-ún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 1998, ni kí ẹ lò. Ó ń béèrè bó ṣe pọ̀ tó, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí inú ènìyàn dùn, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, tí ara rẹ̀ le koko, tó jí tí ara tù ú bí ẹni tó sinmi, tí ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ sì ń wù ú. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan wà láti 0, tí kò ṣẹlẹ̀ rárá, dé 5, tó jẹ́ ìgbà gbogbo. Ẹ ro máràrùn-ún pọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó dáhùn 3, 2, 3, 1 àti 2 ní 11, ó di 44 nínú 100. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ 50 tàbí kó kéré sí i, àmì ni pé nǹkan kò rọrùn fún un, ó sì yẹ kó rí oníṣègùn. Kò túmọ̀ sí pé ó ní àìsàn, kò sì sí ẹni nínú ìgbìmọ̀ yín tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó kan ilẹ̀kùn kankan, ẹ wá nọ́ńbà fóònù ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó súnmọ́ yín àti ti ẹni tó lè ran obìnrin tí wọ́n ń lù lọ́wọ́, kí ẹ sì fi lé àwọn abéèrè lọ́wọ́, torí pé ẹ óò pàdé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni kọ̀ọ̀kan pé ó lè kọ̀, pé ó lè dúró láàárín, pé orúkọ rẹ̀ kò ní sí lórí fọ́ọ̀mù. Kí ìwé tí àdírẹ́sì wà nínú rẹ̀ wà níbòmíràn, kí nọ́ńbà nìkan so méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì sun ún bí iṣẹ́ bá parí. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ní Nàìjíríà kan ẹgbẹ́ yín náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ fi iṣẹ́ náà ṣe ìwádìí tí yóò tẹ̀ jáde, kó gba àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwà-ọmọlúàbí nínú ìwádìí ní yunifásítì rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ìbéèrè nípa ẹni tó jẹ gbèsè owó ẹ́sítéètì kún un. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ìròyìn yóò dé òpópónà tó kù kí abéèrè tó dé ibẹ̀.

Bí owó kò bá tó, má jẹ́ kí ìgbìmọ̀ fi tipá ṣe ńlá. Kíka ìdílé, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 60 tí ìbò mú, àti ìjókòó mẹ́rin ti ènìyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ dára ju ìwádìí 300 tó wọ́. Pẹ̀lú 60, àṣìṣe lè tó ìdá 12 lókè tàbí nísàlẹ̀, ẹ ó sì mọ ìṣòro tó tóbi, àmọ́ ẹ kò ní lè fi ọdún yìí wé ọdún tó ń bọ̀ dáadáa. Ìjókòó mẹ́rin náà: ayálégbé lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, àgbàlagbà lọ́tọ̀, kí wọ́n má ṣe é ní ilé onílé kankan. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti gbọ́ ìdí, torí fọ́ọ̀mù mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ju ohun tó fà á lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ sókè jù ní ìjókòó lè fa ìyókù tẹ̀ lé e, ẹ má ka iye orí níbẹ̀.

Nígbà tí èsì bá dé, ẹ kọ́kọ́ ya ayálégbé àti onílé sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà obìnrin àti ọkùnrin. Àròpọ̀ gbogbo ilé máa ń bo ìyàtọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹ má fi òpópónà wé òpópónà: bí òpópónà bá jẹ́ 18, ènìyàn mẹ́jọ péré ni ẹ ní ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni méjì tí inú ń bí ti tó láti yí i padà. Ẹ má sì tẹ èsì tó kan ènìyàn tó dín sí márùn-ún jáde, àwọn aládùúgbò yóò mọ ẹni náà. Bí ẹ bá rí i pé ẹni tó mọ aládùúgbò púpọ̀ ní àlàáfíà ọkàn jù, ẹ má sáré sọ pé mímọ aládùúgbò ló fà á. Ẹni tí ara rẹ̀ yá ló ń jáde tó fi mọ ènìyàn. Ìwádìí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè ya méjèèjì. Mi ò sì lè tinú lẹ́tà yín mọ̀ bóyá owó ilé, ọ̀nà, tàbí ìwà àwọn onílé ló ń lé ayálégbé yín lọ. Ẹ wá àwọn tó ti kó jáde láàárín ọdún kan, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ẹ bi wọ́n. Wọn kò bẹ̀rù yín mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ìgbìmọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n ti ṣetán láti yí padà sílẹ̀, bíi kí ayálégbé lè dìbò ní ìpàdé, kí aago tí jẹnẹrétọ̀ máa ń dákẹ́ jẹ́ òfin, kí wọ́n tan iná sí ìgboro, kí wọ́n ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ. Ohun tí kò bá sí lára ìwé yẹn, ẹ má béèrè nípa rẹ̀, torí àwọn ènìyàn yóò gbà pé ẹ óò ṣe é. Láàárín oṣù kan tí èsì bá jáde, ẹ kà á ní gbangba níbi tí ayálégbé lè wá, ní alẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè tí wọ́n wà nílé. Ẹ ṣe ìwádìí náà lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ọdún kan, ní oṣù kan náà, pẹ̀lú ìbéèrè kan náà láìyí ọ̀rọ̀ kankan padà. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ oṣù Òkúdù tí omi ń wọlé, tí ti èkejì sì jẹ́ oṣù Ọ̀pẹ tí gbogbo ènìyàn ń ṣọdún, ojú ọjọ́ ni ẹ óò wọ̀n, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ohun tí ẹ ṣe ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.